Lẹ́tà sí Àkànní ní Jẹ́bà

Leeds, Ìlú Ọba,
Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù Kọkànlá, 2025.

Àkànní ọmọ bàbá mi,

Báwo ni ara? Báwo ni Bàbá? Mo mọ̀ pé a jọ sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp lánàá, o sì sọ fún mi pé dáadáa ni gbogbo nǹkan wà. Lẹ́tà ni mo fẹ́ kọ lónìí, torí ohun tó wà lọ́kàn mi kò ṣeé sọ nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá ń já, tí Bàbá sì wà nítòsí tí wọ́n ń gbọ́. Jọ̀ọ́, kà á nígbà tí wọ́n bá sùn. Ibì kan wà nísàlẹ̀ tó jẹ́ tiwọn, ìyẹn ni kí o kà sí wọn létí.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí o gbé fóònù sí ẹsẹ̀ Bàbá kí n lè rí i, mo rí egbò tó wà ní gìgísẹ̀ wọn, mo sì pariwo mọ́ ọ. Mo ní, "Kí lo ń ṣe láti àárọ̀ tí ẹsẹ̀ Bàbá fi dà báyìí?" O ò fèsì. O kàn yí fóònù padà, mo rí ojú rẹ díẹ̀, lẹ́yìn náà o pa á. Ojú yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, irú egbò yẹn gan-an yọ lára màmá òyìnbó kan níbi iṣẹ́ wa, ní ilé tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Rọpárọsẹ̀ ló mú àwọn náà, apá ọ̀tún ló sì mú bíi ti Bàbá. A pọ̀ tí à ń tọ́jú màmá yìí. Èèyàn méjì ló ń yí wọn lẹ́ẹ̀kan, ní wákàtí méjì-méjì. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀sán ń lọ sílé, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ òru á gbà á. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú bẹ́ẹ̀dì wọn, iná ló ń fẹ́ ẹ sókè-sódò fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, egbò yọ. Kò sẹ́ni tó pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n pe nọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa egbò, wọ́n ní ká túbọ̀ máa yí màmá lemọ́lemọ́. Mo wọ ilé ìyàgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún. Iṣẹ́ tí à ń pín ṣe níbí, ìwọ nìkan lò ń ṣe é láti oṣù Kejìlá 2022, lórí fóòmù tí Màmá fi sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Egbò kan ṣoṣo ló yọ láàárín ọdún mẹ́ta. Mo sì bínú sí ọ.

Dárí jì mí.

Jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí níbí fún ọ. Láti oṣù Kẹrin ọdún yìí, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, £12.21 ni owó tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san fún un fún iṣẹ́ wákàtí kan. Bí iṣẹ́ mi lóòjọ́ bá ju wákàtí mẹ́fà lọ, mo lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó sinmi fún ogún ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ní ọjọ́ 28 lọ́dún tó máa fi sinmi, wọ́n á sì san owó rẹ̀ fún un. Bó bá jẹ́ pé bàbá tàbí ìyá ẹni lèèyàn ń tọ́jú nílé, tó tó wákàtí 35 lọ́sẹ̀, owó kan wà tí ìjọba lè máa fún un, £83.30 lọ́sẹ̀ lọ́dún yìí. Owó náà kò pọ̀ níbí. Ohun tó wọ̀ mí lára nígbà tí mo gbọ́ ọ ni pé wọ́n ka wákàtí onítọ̀hún. Èmi náà mú bírò, mo ka tìrẹ. Aago márùn-ún ìdájí Ajé tí o ń jí tún abẹ́ Bàbá ṣe, títí di aago mẹ́wàá alẹ́ tí o ń fún wọn lóògùn, wákàtí 17. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wákàtí 17. Fi ẹ̀ẹ̀mejì tí o ń dìde lóru yí wọn padà kún un. Kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó mọ́, o ti kọjá 35, ọ̀sẹ̀ ò sì tíì dé ìdajì.

Mi ò sọ ọ́ kí o lè ka gbèsè sí Bàbá lọ́rùn. Bàbá wa ni. Mò ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má tún wí létí rẹ pé o kàn jókòó sílé ni, pé o ò níṣẹ́. Iṣẹ́ ni.

Mo rántí Kérésì tó kọjá, tí àwọn ẹbí wá kí Bàbá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo wọn ló ń ṣàdúrà lé ọ lórí. Ọmọ gidi. Ọmọ tó mọyì òbí. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ. Ẹnì kan ò sọ pé, "Àkànní, lọ sùn lónìí, èmi ni màá jókòó tì wọ́n." Lórí fóònù ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, èmi náà ń ṣe àmín. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro òwe yẹn. Ṣé ọmọ kan ni òkété ń bí ni? Mẹ́ta ni Bàbá bí. Ọmú ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń mu láti ọdún mẹ́ta, ọmú náà sì ti ń gbẹ. Ìyìn tí à ń yìn ọ́, èmi tí mo ń fowó ránṣẹ́ náà wà níbẹ̀, òun ni a fi ń wẹ ọwọ́ wa mọ́.

Ohun mìíràn wà tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ń bọ̀ ní 2023, oṣù mẹ́fà péré lẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ mú Bàbá, mo dì mọ́ ọ ní gárèèjì, mo ní, "Fún mi ní ọdún kan, màá wá mú ọ." Tọkàntọkàn ni mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti 11 oṣù Kẹta 2024, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá ṣe irú iṣẹ́ yìí kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Àbúrò ò tilẹ̀ sí nínú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 22 oṣù Keje ọdún yìí, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó fẹ́ ti òkèèrè wá ṣe iṣẹ́ títọ́jú arúgbó. Láti oṣù Keje ni mo ti mọ̀. Mi ò sọ fún ọ, torí mo mọ̀ pé ìlérí yẹn ló ń gbé ọ ró. Má dúró dè mí mọ́, Àkànní.

Ní òru ọjọ́ tí ẹ ti ọ̀dọ̀ dókítà ní Ìlọrin dé, tí àwọn tírélà dí ọ̀nà pa lẹ́yìn Bódè Sáàdù, o fi ohùn ránṣẹ́ sí mi ní aago mẹ́ta. O ní, "Àǹtí mi, kò sí nǹkan o, ó kàn rẹ̀ mí ni." Mo ti gbọ́ ọ ju ogún ìgbà lọ. Ìwọ kì í pe èèyàn lóru tí kò bá sí nǹkan.

Torí náà mo pe Bọ̀ọ̀dá ní Abújá. Mo ka wákàtí rẹ fún wọn bí mo ṣe kà á síhìn-ín. Wọ́n dákẹ́ títí, mo rò pé fóònù ti já. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Àkànní ti pé mélòó báyìí?" Mo ní 24. Wọ́n rò pé o ṣì wà ní 20. Wọn ò bínú, wọn ò sì wí àwíjàre pé owó ilé Nyanya wọ́n. Ohun tí a jọ fẹnu kò sí nìyí. Àbúrò Bàbá obìnrin máa kó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní oṣù Kìíní, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní ilé tí àwọn nìkan ń gbé ti sú àwọn. Músá tó máa ń bá ọ gbé Bàbá jáde síta yóò máa wá láàárọ̀ títí di aago mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. 70,000 náírà ni a máa san fún un lóṣù, èmi ìdajì, Bọ̀ọ̀dá ìdajì. Iye tí òfin ilẹ̀ wa fi lélẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ní 2024 nìyẹn, mi ò sì fẹ́ ká fún ẹni tó ń wẹ bàbá wa ní ohun tó kéré sí i. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, ìwọ àti Bọ̀ọ̀dá ni ẹ ó jọ máa pín in.

Ìwọ máa padà sílé-ìwé ní Ìlọrin. Láti kékeré lo ti máa ń sọ pé dáàmù Jẹ́bà ni o ti máa ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí o fi yan iṣẹ́ iná. ND kejì ni o fi sílẹ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀: ọdún kan láti parí ND, ọdún kan fún IT, ìyẹn kíkọ́ṣẹ́ níta, ọdún méjì fún HND. Wàá ṣì wà lábẹ́ ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó múni ṣe agùnbánirọ̀. Kò tíì pẹ́ jù, lọ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí o san àti ìwé tí wọ́n fẹ́ kí o kọ.

Èmi náà ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní ni màá dé. Mi ò fẹ́ kí o dúró ṣe àlejò mi. Fi Bàbá sílẹ̀ fún mi, kí o wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá ní Abújá, kí o lọ sùn. Èmi ni màá máa jí lóru.

Kí Músá tó bẹ̀rẹ̀, kọ́ ọ ní àwọn nǹkan wọ̀nyí, kí ìwọ náà sì máa ṣe é. Ẹ má fi ọwọ́ ọ̀tún fa Bàbá dìde mọ́, ẹ má sì ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá wọn gbé wọn. Iṣan apá yẹn ò lágbára láti di ejìká mú mọ́, ó lè yẹ̀. Bóyá ìdí tí wọ́n fi ń ké nìyẹn nígbà tí o bá ń wọṣọ fún wọn. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ kì bọ aṣọ, òun náà ni kí ẹ bọ́ kẹ́yìn. Fi ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, láti orúnkún wá sí ọrùn ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ má kan bẹ́ẹ̀dì rárá. Ibi tó bá pọ́n, ẹ má fọwọ́ ra á. Tí wọ́n bá fẹ́ jẹun, kí wọ́n jókòó dáadáa, kí wọ́n má sì dùbúlẹ̀ kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó kọjá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni kí ẹ fi síbí sí, kí ẹ sì yẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún wò lẹ́yìn oúnjẹ, oúnjẹ máa ń há síbẹ̀. Tí omi bá ń mú wọn wúkọ́, sọ fún dókítà, ó lè jẹ́ pé ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ dúró, bí ara wọn tilẹ̀ yá. Ìwọ alára, orúnkún ni kí o máa tẹ̀ tí o bá fẹ́ gbé wọn, má tẹ ẹ̀yìn.

Ó ku ọ̀kan, òun ló sì dùn mọ́ mi jù. Màmá òyìnbó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò lè pe orúkọ ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka oókan, eéjì, tó wá dákẹ́, wọ́n á kà á lọ fúnra wọn. Ohun tó ti mọ́ ẹnu lára tipẹ́ máa ń ṣẹ́kù nígbà tí ọ̀rọ̀ yòókù bá ti lọ. Ibẹ̀ ni mo ti ronú kan Bàbá, tíṣà tó fi ọgbọ̀n ọdún ka nǹkan fún ọmọ ọlọ́mọ. Ibi tí wàá kà sí wọn létí nìyí. Jókòó sí apá òsì wọn, kí o sì kà á díẹ̀díẹ̀.

Bàbá mi, èmi Àbẹ̀kẹ́ yín ni. Ẹ kú ìrọ́jú. Mò ń bọ̀ wálé ní oṣù Kìíní, èmi fúnra mi ni màá wẹ ẹsẹ̀ yín. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń kó àwa mẹ́ta lọ sétí Odò Ọya nírọ̀lẹ́, tí ẹ máa ń sọ fún wa pé afárá rélùwéè yẹn ti wà níbẹ̀ láti 1916, kí wọ́n tó bí yín. Tí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀ láti òdìkejì, ẹ máa ń ní ká dákẹ́, ká ka kọ́ọ̀ṣì tó ń fà, ẹni tó bá ṣì í kà ni yóò gbé bàtà yín délé. Bàbá, ọkọ̀ ti ń bọ̀ o. Ó ti gun orí afárá. Ẹ jẹ́ ká kà á. Ení. Èjì. Ẹ̀ta.

Àkànní, dákẹ́ níbí. Má kà á lọ. Dúró de Bàbá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àbẹ̀kẹ́.