Lẹ́tà sí Káyọ̀dé láti Beckley, ní West Virginia, Amẹ́ríkà

Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

Mo jẹ ọ́ ní lẹ́tà méjì, mo mọ̀. Jọ̀ọ́, fọwọ́ wọ́nú. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí lọ́kàn rú láti ọjọ́ mẹ́ta, n kò sì lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí ohun tí mo bá sọ ní pálọ̀ ni àwọn ọmọ ń gbọ́ nínú yàrá.

Olùkọ́ ààbò wa níbi ihò èédú ti fẹ̀yìn tì, ilé iṣẹ́ sì ń wá ẹlòmíràn. Mo ti kọ̀wé béèrè fún iṣẹ́ náà.

Mo mọ̀ pé wàá ti máa rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà lo máa ń sọ pé bí mo bá ti dé ojú pátákó, n kì í mọ ìgbà tí aago lù. Ṣùgbọ́n pátákó ti ibí yìí yàtọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ibí ní àjọ kan tó ń rí sí ààbò níbi ìwakùsà, MSHA, òun ló ń fọwọ́ sí ẹni tó máa kọ́ àwọn tó ń wa èédú. Wọ́n lè ní kí o lọ sí kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́, kí o sì yege. Wọ́n lè gba ẹ̀rí lórí ìwé pé o mọ iṣẹ́ náà, pé o sì ti kọ́ni rí. Wọ́n sì lè wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ, kí wọ́n fojú ara wọn wò ọ́. Bí o bá lo oṣù 24 láìkọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n lè gba àṣẹ náà padà.

Àwa mẹ́ta la kọ̀wé. Ẹnì kan jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó kàwé gboyè nínú ètò ààbò, ẹnu rẹ̀ dùn, àwòrán tó ń fi kọ́ni mọ́lẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n ìgbà tó ti wọnú ihò kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ìkejì ni bàbá kan tó ti lo ọdún 31 lábẹ́ ilẹ̀. Bí òrùlé ihò bá fẹ́ já, òun ló kọ́kọ́ ń gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Upper Big Branch, ihò èédú níbi tí ènìyàn 29 ti kú ní oṣù kẹrin ọdún 2010, ńṣe ló máa ń dìde jáde. Àmọ́ gbé e síwájú ènìyàn mẹ́wàá, á dorí kodò, á máa ka ìwé, ohùn rẹ̀ kò ní dé ìlà kejì. Èmi wà láàárín àwọn méjèèjì: ọdún mẹ́sàn-án nínú ihò, àti ìwọ̀nba ọdún tí a jọ kọ́ni.

Ká sòótọ́, ǹ bá fara balẹ̀ níbi tí mo wà bí kì í bá ṣe ti Bùnmi. Eruku èédú yìí ló ń bà á lẹ́rù. Fọ́tò àyà mi kò fi nǹkan kan hàn, síbẹ̀ bí mo bá wúkọ́ lóru, ó ti jí. Àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa, Tọ́pẹ́ ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọkọ̀ wa tún ti kú.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an rèé. Níbí, ẹni tuntun ló ń dé fìlà pupa, kí gbogbo ènìyàn lè máa ṣọ́ ọ. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní kí n ran olùkọ́ lọ́wọ́ láti fi ohun èlò ìmí han ọmọ onífìlà pupa kan, èyí tí à ń gbé mọ́ bẹ́líìtì tó ń pèsè atẹ́gùn bí èéfín bá kún ihò. Ọmọ náà fi èyí tí à ń fi dánra wò sẹ́nu, kò pẹ́ tó fi yọ ọ́. Ó ní kò ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ o! Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: á gbóná lẹ́nu, èémí á wúwo bí ẹni ń fa omi láti inú aṣọ tó nípọn. Ẹsẹ̀ mi tutù, torí mo rántí ihò èédú Sago. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, ènìyàn 12 kú níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló yè nínú àwọn tó há sínú ihò. Ó sọ pé ó kéré tán mẹ́rin nínú ohun èlò wọn ni kò ṣiṣẹ́. Àwọn olùwádìí yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n rí i pé atẹ́gùn ṣì wà nínú wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin fi kún ìdánrawò: oṣù mẹ́ta mẹ́ta fún sísá jáde, àti lọ́dọọdún kí olúkúlùkù fi ẹnu ara rẹ̀ mọ ooru àti ìwúwo èémí yẹn. Mo ní kí ọmọ náà tún fi sẹ́nu. A jọ mí in títí tó fi gbà gbọ́.

Káyọ̀dé, bí mo bá gba iṣẹ́ yìí tí mo sáré kọ ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ tó rẹ̀ mí, ta ni yóò mọ̀? Ọjọ́ tí èéfín bá dé ni wọn yóò mọ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí. Ẹ̀rí orí ìwé ni mo fẹ́ fi tọrọ àṣẹ, ìwọ nìkan ló sì lè jẹ́rìí sí ọdún mẹ́ta tí a fi kọ́ àwọn ọmọ yẹn ní físíìsì. Ìwọ ni ọ̀gá ibẹ̀ báyìí. Kọ ọ́ sórí ìwé tó ní orúkọ ilé ẹ̀kọ́, kọ ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí mo lọ, iye kíláàsì, kí o bu ọwọ́ lù ú, kí ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí oṣù yìí tó parí. Má fi ohunkóhun kún un. Bí mo ṣe ṣi ọ̀rọ̀ iná mànàmáná yẹn kọ́ wọn, tí o sì pe àkíyèsí mi sí i, kọ ọ́ síbẹ̀ bí o bá rò pé ó yẹ, kí o sì kọ pé mo padà lọ tún un kọ́ lọ́jọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n bí o bá ka èyí tán, tó sì hàn sí ọ pé bàbá yẹn ló yẹ kí wọ́n gbà, kí n sì máa dúró tì í bí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ sókè, sọ fún mi kí o tó gbé bírò.

Bùnmi ń kí ọ. Bá mi kí Màmá, sọ fún wọn pé n kò gbàgbé.

Èmi ni tìrẹ,
Tájù