Kí lẹ fi pòròpórò èṣí ṣe?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Mo ka lẹ́tà ẹni tó ké gbàjarè lórí ọ̀wọ́n ajílẹ̀ alápò. Òótọ́ ló sọ, owó ajílẹ̀ ti sú àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi í léèrè: kí ló fi pòròpórò àgbàdo èṣí ṣe? Bó bá ṣáná sí i bíi tiwa níhìn-ín, a jẹ́ pé ó ti sun lára ohun tó ń wá kiri.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, èéfín ni gbogbo oko tó yí Ìkirè ká. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Àmọ́ bí bàbá mi bá ti gbin ilẹ̀ fún ọdún méjì mẹ́ta, yóò fi í sílẹ̀ kó di igbó padà. Ta ló nílẹ̀ tó lè sinmi lónìí? Iná ń gbé náítírójìn inú ewé, oúnjẹ tó ń mú ohun ọ̀gbìn dàgbà, lọ sójú ọ̀run. Eérú tó kù ní oúnjẹ díẹ̀ nínú, òjò àkọ́rọ̀ á sì gbá púpọ̀ rẹ̀ lọ sódò.

Ojú àgbàdo mi ni mo ti rí i. Kó tó ga dé orúnkún tán, ewé ìsàlẹ̀ á ti máa pọ́n láti ṣóńṣó, pípọ́n náà á sì máa tẹ̀lé egungun àárín ewé bọ̀ wá sídìí. Ebi náítírójìn nìyẹn. Bí mo bá kọ ebè, n kì í rí ekòló kan ṣoṣo.

Ó di ọdún kẹrin báyìí tí iná kò wọ apá kan oko mi. Mo tẹ́ pòròpórò sílẹ̀. Mo tún ń gé koríko olódòdó bíi sunfúláwà tó kún ẹ̀bá ọ̀nà, èyí tí àwọn kan ń pè ní jogbo, kó tó yọ òdòdó, mo ń tẹ́ ẹ sáàárín ebè. Bí a bá sá ewé rẹ̀ gbẹ, náítírójìn inú rẹ̀ tó nǹkan bí 3.5 nínú 100, kì í sì í pẹ́ jẹrà. Iṣẹ́ rẹ̀ le, n kò ní purọ́. Ẹni tó ní éékà 5 kò lè fi àdá gé e tó. Mo ṣì ń ra ajílẹ̀, àmọ́ àpò mẹ́rin ti di méjì. Ekòló sì ti padà dé.

Ẹ̀wà náà ń ràn mí lọ́wọ́. Ẹ fa ìdí kan tu nígbà tó bá ń yọ òdòdó, kí ẹ fi èékánná la kókó ara gbòǹgbò rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pupa, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́.

Koríko èkan ló kù tó ń dà mí láàmú. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, láti ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ gbin ìtàkùn kan tí wọ́n ń pè ní mukúnà bo ilẹ̀ tí èkan ti gbà. Ó fún èkan lọ́rùn, ó sì bọ́ ilẹ̀. IITA, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, tí ilé rẹ̀ wà ní Ìbàdàn níbí, wà lára àwọn tó bá wọn ṣe é. Wèrèpè ni mukúnà, irú tí kì í yúnni. Nígbà tí mo sọ ọ́ nípàdé ẹgbẹ́ wa, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tiẹ̀ ti ń họra.

Olóòtú, ẹ bá wa bi àwọn tó ń pín ajílẹ̀ fún wa bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé: ṣé wọ́n lè fi irúgbìn wèrèpè yìí kún un? Kóńgò kan péré ti tó mi bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni,
Àgbẹ̀ kan ní Ìkirè, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun