Ohùn ládàánì àti ìbọn inú fíìmù Amẹ́ríkà

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ojú ìwé fíìmù yín kì í gbàgbé ẹni tó mọ eré ṣe àti iye owó tí fíìmù pa. A fẹ́ kí ẹ máa yẹ bí fíìmù Amẹ́ríkà ṣe ń gbé Lárúbáwá jáde wò pẹ̀lú, torí ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń dá ládàátúndá.

Jack Shaheen, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tí ìdílé rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti Lẹ́bánónì, yẹ fíìmù tó lé ní 900 wò, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 2001. Nǹkan bí 12 péré ló rí tó fi Lárúbáwá hàn bí ọmọlúàbí. Èyí tó pọ̀ jù kún fún ṣéìkì olówó epo tó ń lé obìnrin kiri, agbésùnmọ̀mí, àti obìnrin aláṣọ dúdú tí kò la ẹnu títí eré fi parí. Ẹni tó bá ní ìkọlù New York ti oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ló fa gbogbo rẹ̀ kò wo ọdún: àwọn fíìmù wọ̀nyẹn ti jáde kí ìkọlù náà tó wáyé.

Etí lẹ ó kọ́kọ́ fi mọ ọgbọ́n náà. Bí àwòrán bá ṣe ń wọ ìlú Lárúbáwá, ládàánì á pèrun. Kò sẹ́ni tó ń kírun nínú eré yẹn o. Ohùn náà kàn ń sọ fún ẹni tó ń wò pé ewu dé. Kò pẹ́, ìbọn á dún. Ẹni tó bá wo irú rẹ̀ léraléra, àyà rẹ̀ á máa já bó bá gbọ́ ìpèrun, ìpèrun kan náà tó ń jí ará Ìwó àti Ìlọrin ní ìdájí.

Ẹ tẹ́tí sí èdè náà. Ọmọ Amẹ́ríkà á sọ̀rọ̀, a ó gbọ́. Lárúbáwá á kàn máa jágbe. Bí ẹ bá tan ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán, ẹ ó rí i pé "ó ń sọ èdè Lárúbáwá" ni wọ́n kọ síbẹ̀, láìtúmọ̀ ohun tó sọ. Àwọn tó ń ṣe eré náà fúnra wọn lè má gbọ́ ọ. Lọ́dún 2015, wọ́n gba àwọn ayàwòrán kan ní Berlin kí wọ́n wá kọ nǹkan sára ògiri fún eré tẹlifíṣọ̀n Homeland, kí ibẹ̀ lè jọ àgọ́ àwọn ará Síríà tógun lé kúrò nílé. Àwọn ayàwòrán náà fi èdè Lárúbáwá kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni Homeland. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe eré náà ṣe gbé e sáfẹ́fẹ́. Ọmọ ilé kéwú tó ti kọ́ díẹ̀ ì bá ti kébòòsí.

Ti àwọn ọmọdé ló dùn wá jù. Nínú Aladdin ọdún 1992, orin ìbẹ̀rẹ̀ sọ pé nílẹ̀ Lárúbáwá tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, wọ́n á gé etí rẹ bí ojú rẹ kò bá wù wọ́n. American-Arab Anti-Discrimination Committee, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn Lárúbáwá ní Amẹ́ríkà, figbe ta. Disney, ilé iṣẹ́ tó ṣe fíìmù náà, yí ìlà náà padà fún fídíò tó jáde ní 1993, ṣùgbọ́n ìlà tó tẹ̀ lé e, tó pe ibẹ̀ ní ilẹ̀ òǹrorò, kò kúrò àfi nígbà tí wọ́n tún fíìmù náà ṣe ní 2019. Ohùn ńkọ́? Aladdin àti Jasmine, àwọn olórí eré náà, ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Amẹ́ríkà pọ́ńbélé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ àti oníṣòwò inú ọjà ni wọ́n fún ní ohùn àjèjì. Ọmọ tó ń wò ó ti mọ ẹni tí òun máa bẹ̀rù kí ìtàn tó sọ fún un.

Ìbẹ̀rù yìí kì í dúró sínú fíìmù. Nígbà tí bọ́ǹbù pa èèyàn 168 ní Oklahoma City, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, lóṣù kẹrin ọdún 1995, Lárúbáwá làwọn kan kọ́kọ́ nàka sí lórí tẹlifíṣọ̀n. Timothy McVeigh, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti ṣe sójà rí, ló ṣe é.

Bí ẹ bá ń kọ nípa irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ẹ bá wa sọ ibi tí wọ́n ti yà á àti bóyá Lárúbáwá ló ṣe ipa Lárúbáwá. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ̀yin náà má pe ará Ìránì àti ará Tọ́kì ní Lárúbáwá mọ́.

Àwa òǹkàwé yín,
Ìlọrin.