Ẹ̀sùn Lórí Káráfáànù Tòkunbọ̀ Tí Ẹ Gbowó Ìtọ́jú Rẹ̀: Lẹ́tà Kẹta

Iléṣà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ 6, oṣù Kẹwàá.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Àtúnṣe àti Ìtọ́jú Ọkọ̀,
Ilé-Ifẹ̀.

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ń ṣiṣẹ́, nítorí gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè yín ni wọ́n máa ń sọ fún mi pé ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ ẹni tí ẹ ń ṣe ni n kò tíì mọ̀, torí kì í ṣe tèmi.

Lẹ́tà kẹta tí mo kọ sí yín láàárín oṣù mẹ́fà nìyí. N kò ní tún ìtàn káráfáànù náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìwé àdéhùn wa, ẹ̀dà rìsíìtì àti fọ́tò mọ́kànlá tí mo fi ránṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín, àfi bí ẹ bá ti fi wọ́n pọ́n ẹ̀pà. Kí ẹni tí yóò bá yín ka ìwé yìí má baà ṣi tèmi mú fún ti ẹlòmíràn, èyí tí mo ń sọ ni ilé kékeré orí táyà méjì tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti Ìlú Ọba, tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ fẹ́ máa sùn nínú rẹ̀ lóko kòkó wa nígbà ìkórè, tí a ó sì máa fà lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà láti lọ gba atẹ́gùn omi nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ní oṣù Kẹta ni ẹ gba 750,000 náírà lọ́wọ́ wa, pé ẹ ó dí òrùlé rẹ̀, ẹ ó pààrọ̀ táyà, ẹ ó fi gírísì sí béárìn, ẹ ó so bátìrì àti iná sí i, ẹ ó sì máa wá yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ọdún kan gbáko. A ti wà ní oṣù Kẹwàá báyìí. Ẹnikẹ́ni kò tíì wá yẹ nǹkan kan wò.

Òjò oṣù Kẹrin ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ họ gọ́ọ̀mù àtijọ́ tó wà ní oríkèé òrùlé kúrò pátápátá, kí a nu ojú rẹ̀ kó mọ́ kó sì gbẹ, kí a tó fi tuntun sí i, torí pé tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ògbólógbòó. Ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ṣe ni pé wọ́n fa sílíkónì funfun lé ìdọ̀tí lórí, bí ẹni tí ó kun ọ̀dà sára ilẹ̀kùn tí ikán ti jẹ. Omi gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ó sì ń gba inú ògiri sọ̀kalẹ̀ sí ìgbèrí ibùsùn. Nígbà tí mo fi àtàǹpàkò tẹ ògiri náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, ó wọlé bí ìgbà tí a bá tẹ ẹ̀kọ tí kò tíì dì.

Bí ó bá jẹ́ pé òjò nìkan ni, n kì bá tí kọ lẹ́tà yìí. Ohun àlòkù ni, mo sì mọ̀ pé ohun àlòkù kì í wà láìní àbùkù. Ẹ wo ilẹ̀kùn rẹ̀: apá òsì títì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Ìlú Ọba, nítorí náà apá òsì ni wọ́n la ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sí kí ó lè kọjú sí ẹ̀gbẹ́ títì, bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, ọdún 1972 ni àwa ti kúrò lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá gúnlẹ̀ lẹ́bàá títì níhìn-ín, ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń sáré bọ̀ gan-an ni bàbá yóò fẹsẹ̀ bọ́ sí. N kò fi ìyẹn sùn yín rí. Àwọn ará Ìlú Ọba ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀yin àti àwọn ènìyàn yín ni ohun tí mo ń bá bọ̀ yìí ti wá.

Ìgbà mẹ́fà ni mo ti wọkọ̀ láti Iléṣà wá sí Ifẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, èmi tí orúnkún ń dùn. Ìgbà kìíní, wọ́n ní ọ̀gá ti lọ sí Ìbàdàn. Ìgbà kejì, ọ̀gá kò tíì ti Ìbàdàn dé; n kò mọ̀ bóyá ó ti ń kọ́lé sí ibẹ̀. Ìgbà kẹta, wọ́n ní àwọn kì í gba ẹ̀sùn lójúkojú mọ́, pé kí n pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ògiri, èyí tí mo lè fọwọ́ kàn láti ibi tí mo dúró sí.

Mo délé, mo pe nọ́ńbà náà. Orin ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí mi létí, mo sì gbọ́ ọ títí owó inú fóònù mi fi tán. Nígbà tí ọmọbìnrin kan gbé e ní ọjọ́ kejì, mo ní káráfáànù ni, kò mọ̀ ọ́n. Mo ní ilé orí táyà ni, ó ní ilé-iṣẹ́ àwọn kì í ta ilé. Àṣìṣe tí mo wá ṣe ni pé mo pè é ní tírélà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ fà, ni ó bá so mí pọ̀ mọ́ ọkùnrin kan tí ń bójú tó àwọn ọkọ̀ tí ń kó sìmẹ́ńtì. Ìyẹn bi mí pé táyà mélòó ló ní. Mo ní méjì. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Màmá, àwọn yòókù ńkọ́?”

Ìgbà kẹrin, wọ́n ní kí n ya fọ́tò, kí n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo yà á, mo fi ránṣẹ́, àmì méjèèjì sì di aláwọ̀ búlúù lójú mi, ìyẹn ni pé ẹnì kan ní ọ́fíìsì yín jókòó, ó wo ògiri ilé mi tó ń jẹrà, ó sì pa fóònù dé. Ìgbà karùn-ún ni wọ́n tó ṣèlérí fún mi pé mẹkáníìkì yóò wá sí Iléṣà ní Ọjọ́bọ̀. Èmi gbà wọ́n gbọ́. Àwa Ìjẹ̀ṣà kì í gba àlejò lọ́wọ́ òfo. Mo gún iyán, mo ro ẹ̀fọ́, mo fi ìgbín mẹ́ta sí i, mo sì ní kí bàbá wọ aṣọ tó dára. Nígbà tó di agogo mẹ́rin, iyán ti le. Mo pè wọ́n, wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni. Ìyẹn náà dé, ó lọ. Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a fi jókòó dè yín, ọjọ́ tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń sọ pé kí ènìyàn bọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bọ̀.

Ní oṣù Kẹjọ, a dá a fà lọ sóko bẹ́ẹ̀. Kí a tó dé Òsú, ọmọ mi rí i pé ara táyà ọ̀tún ti wú bí gẹ̀gẹ̀, ó sì rọra já kúrò lójú títì. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló fi àkísà tí a rẹ sínú kẹrosíìnì nu dúdú dídán tí ẹ fi kun ara táyà náà, ni nọ́ńbà mẹ́rin bá yọ jáde ní ìparí àmì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT: 1115. Fọkanáísà àdúgbò wa ló túmọ̀ rẹ̀ fún wa pé ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2015 ni wọ́n ṣe táyà yẹn. Ó ní táyà irú ọkọ̀ báyìí kì í sábà jẹ tán kí ó tó bàjẹ́, ọjọ́ orí ló máa ń pa á, nítorí pé ojú kan ló máa ń dúró sí nínú oòrùn, rọ́bà rẹ̀ á máa gbẹ, á máa sán láti inú, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ọjà, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje bí kò tilẹ̀ rin ìrìn kan. Rìsíìtì yín sọ pé “táyà tuntun méjì”. Ọ̀dà rẹ̀ ló jẹ́ tuntun.

Mo wá dé orí ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé rìsíìtì àti fọ́tò táyà náà lọ bá ọmọkùnrin tó máa ń wà lẹ́yìn káńtà. Ẹ̀pà ló ń jẹ. Kò dìde, kò kí mi, ó kàn fi àgbọ̀n júwe àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Kí n tó rí ibi dúró sí, ó ti yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ketekete pé, “Ìyá yẹn tún ti dé.” Ó wo fọ́tò náà níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń pa ẹ̀pà kan, ó ní, “Màmá, nọ́ńbà lásán nìyẹn. Ẹni tó bá ra tòkunbọ̀ ti ra wàhálà. Àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ wa níṣẹ́ ni?” Èèpo ẹ̀pà kan jábọ́ sórí rìsíìtì mi, ó sì fẹ́ ẹ dànù. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo tíì rí kí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì yín ṣe lórí ìwé mi láti oṣù Kẹrin nìyẹn.

Ọ̀gá mi, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe olùkọ́. Àwọn ọmọ tí mo nà ti pè mí ní orúkọ tó burú ju “Ìyá yẹn” lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti ń pè é, torí wọ́n ní ìtìjú. Ọmọ tiyín kò ní. Ó sì yẹ kí ẹnì kan sọ fún un pé n kò ra tòkunbọ̀ kankan lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ ni mo rà, iṣẹ́ kì í sì í ṣe tòkunbọ̀. Òfin àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ là á kalẹ̀ pé ẹni tó bá gbowó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é lákòókò tó yẹ, àti pé bí ìdádúró kan bá wà tí kò ṣeé yẹ̀, kí ó tètè fi tó oníbàárà létí. Orin orí fóònù kì í ṣe ìfitónilétí.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀, mo sì ti ṣírò rẹ̀ láìrẹ́ yín jẹ. Bátìrì àti iná tí ẹ so ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọmọ tó so wọ́n mọ iṣẹ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí bàbá kó tó lọ, ẹ bá mi kí i. Ẹ yọ owó tirẹ̀ kúrò nínú 750,000, kí ẹ dá 520,000 náírà padà fún mi. Kí ẹ fi 95,000 náírà lé e, owó káfíńtà tí yóò pààrọ̀ ògiri tó jẹrà, ìwé rẹ̀ wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Kí ẹ̀yin fúnra yín sì kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí mi, kí ẹ fọwọ́ sí i. Ọmọ ẹlẹ́pà kọ́ ni kí ẹ ní kó kọ ọ́. Ẹ má rán mẹkáníìkì kankan wá mọ́. N kò ní iyán tí n ó tún fi ṣòfò.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fún yín, ìyẹn títí di ọjọ́ 20 oṣù yìí. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìwé ẹ̀sùn mi yóò dé ọ̀dọ̀ àjọ FCCPC, lọ́yà kan tí mo kọ́ ní gírámà nígbà tí kò tíì ga tó tábìlì mi yóò sì pè yín sí ilé-ẹjọ́ Májísíréètì. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ilé-ẹjọ́ ṣe ń falẹ̀, nítorí náà n kò ní jókòó lásán dè é.

Ẹ̀yin náà kò ṣàì mọ ìtàn àwọn bàbá wa tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn kiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tí wọn kò ní jókòó, tí wọn kò ní lọ, títí owó wọn yóò fi pé, èyí tí wọ́n fi ń pe Ìjẹ̀ṣà ní Òṣómàáló títí dòní. Orúnkún tèmi kò gba ìlóṣòó mọ́. Ṣùgbọ́n mo ní ilé orí táyà. Ọmọ mi ti ra táyà méjì tí nọ́ńbà ara wọn kò ṣeé tijú fún, yóò sì fa káráfáànù náà wá sí Ifẹ̀, yóò gúnlẹ̀ sí òdìkejì títì tó kọjú sí géètì yín, n ó sì máa gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú sítóòfù, odó kékeré àti bàbá. Rìsíìtì yín ni n ó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ ní gàdàgbà, kí oníbàárà tó bá ń bọ̀ lè kà á kó tó wọlé. Ilẹ̀kùn apá òsì yẹn yóò wá wúlò níkẹyìn, torí ẹnu ọ̀nà yín gan-an ni yóò kọjú sí.

N kò ní pe nọ́ńbà ara ògiri yẹn mọ́. Nọ́ńbà tèmi wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè pè mí ní ọjọ́kọ́jọ́, àfi Ọjọ́bọ̀.

Èmi ni oníbàárà yín,
Ìyá Yẹn.