Ẹbí Yánrin Lórí Òkè San Bernardino

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí Taraxacum californicum, ewéko kan tí ó bá yánrin tí a ń sè lọ́bẹ̀ tan. Orí òkè San Bernardino ní gúúsù California ni ibùgbé rẹ̀, pàápàá jù lọ pápá olómi àyíká Big Bear, níbi tí yìnyín tó yọ́ ti máa ń mú kí ilẹ̀ rin gbingbin. Ewé rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká, etí rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí bí eyín ayùn bíi ti dandelion, ewéko ẹbí rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Bí a bá já a, oje funfun ni yóò sun, gẹ́lẹ́ bíi ti yánrin.

Ní 1998 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kà á mọ́ àwọn ewéko tí ó wà nínú ewu àkúrun. Ilé kíkọ́ ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù ni pé dandelion tí ó ti Yúróòpù wá ń bá a da irú pọ̀, bí àlejò tí ó fẹ́ gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́. Mo bẹ àwọn ọmọ wa tí ó ń gbafẹ́ lọ síbẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi ọkọ̀ tàbí ẹsẹ̀ tẹ pápá olómi wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ní California