Ẹ Yẹ Ẹrẹ̀ Ìsàlẹ̀ Omi Wò Kí Ẹ Tó Kó O Dà Sóko

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, aládùúgbò mi kan nílùú Adó-Èkìtì kó ẹrẹ̀ inú adágún ẹja rẹ̀, ojú mi ni wọ́n sì ṣe fi ṣọ́bìrì kó o jáde. Ẹrẹ̀ náà dúdú bí èédú, ó ń rùn bí ẹyin ọbu, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ kẹta tó pé, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí irin tó dípẹtà. Àwọn tó dúró tì wá ní ẹrẹ̀ gidi ni fún oko ẹ̀fọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí.

Imí-ọjọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ohun aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn ìyá wa ń pò mọ́ òrí fún ara yíyún. Ó wà nínú èédú tí wọ́n ń wà nílẹ̀, ó wà nínú díísù, epo tí jẹnẹrétọ̀ ńlá ń lò; bí a bá sì sun wọ́n, èéfín á gbé e ròkè, òjò á rọ̀ ọ́ wálẹ̀, àgbàrá á sì gbé e wọ inú adágún. Nísàlẹ̀ omi níbi tí atẹ́gùn kò dé, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí a máa fi í mí dípò atẹ́gùn, wọn a sì sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ olóòórùn yẹn. Èyí tí irin inú ẹrẹ̀ bá gbà mú nínú rẹ̀ ló ń dúdú, tó sì ń dì léra wọn lọ́dọọdún bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò àgbo. Àwọn onímọ̀ a máa ki ọ̀pá oníhò bọ irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn a sì mọ ọjọ́ orí ìpele kọ̀ọ̀kan láti ara irú òjé kan tí ìdajì rẹ̀ ń pòórá láàárín nǹkan bí ọdún 22.

Nílùú Sudbury ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin tí wọ́n ń pè ní níkẹ́lì, èéfín imí-ọjọ́ sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún adágún di kíkan, ìyẹn ni pé ásíìdì wọnú omi wọn. Wọ́n dín èéfín náà kù, àwọn omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sípò; ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀dá mú kí omi Swan Lake, ọ̀kan lára àwọn adágún náà, fà ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, atẹ́gùn kan ẹrẹ̀ etí rẹ̀, imí-ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ di ásíìdì, òjò sì tún ṣàn án padà sínú omi.

N kò fi Èkìtì wé Sudbury o. A kò ní irú ilé ìyọ́rin bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ẹja àti ewé tó jẹrà náà ní imí-ọjọ́ nínú, nítorí náà n kò ní di gbogbo rẹ̀ ru jẹnẹrétọ̀. Síbẹ̀, omi tiwa náà ń fà lọ́dọọdún nígbà ọyẹ́. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tí omi Ureje ní Adó àti Ero ní Ìkùn-Èkìtì wà níkàáwọ́ wọn ni pé, nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó ẹrẹ̀ ibẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ bu díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n sì jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó wọn bó ṣe kan tó, nítorí ẹrẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lómi kì í fi kíkan rẹ̀ hàn. Bó bá kan, kí wọ́n má ṣe dà á sí àkùrọ̀ àwọn olóko ẹ̀fọ́.

Aládùúgbò mi ti bu eérú ààrò sí tirẹ̀ kó lè dín kíkan kù, ó sì ní òun kò ní gbin nǹkan kan síbẹ̀ títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Adó-Èkìtì.