Among Us: Ẹ Wo Àwọn Tí Ọmọ Yín Ń Bá Ṣeré

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá dá lórí eré orí fóònù kan tí wọ́n ń pè ní Among Us. Àwọn ọmọ wa ń ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ àti nígbà ọlidé, ọ̀pọ̀ òbí tí mo mọ̀ sì ti yọ ọ́ kúrò lórí fóònù ilé wọn nítorí wọ́n gbọ́ pé ó ń kọ́ ọmọdé ní irọ́ pípa àti ìpànìyàn. Láti ìgbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti ń bá wọn ṣe é, pẹ̀lú àwọn ọmọ àbúrò mi tó ń gbé ní London. Eré náà ní àbùkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn òbí ń tọ́ka sí kọ́ ni àbùkù náà wà, èyí ló sì mú mi kọ̀wé.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Innersloth, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní oṣù Òkúdù ọdún 2018. Fún nǹkan bí ọdún méjì, ìwọ̀nba èèyàn ló mọ̀ ọ́n, àfi ìgbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020, Alexandria Ocasio-Cortez, aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà, ṣe é ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n jáde dìbò, àwọn tó ń wò ó lẹ́ẹ̀kan náà sì lé ní 400,000. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ eré náà ti pẹ́ ju fóònù lọ. Ara eré Mafia ni wọ́n ti fà á yọ, èyí tí Dimitry Davidoff dá sílẹ̀ ní Moscow ní ọdún 1986, tí kò gba ẹ̀rọ kankan ju kí àwọn èèyàn jókòó yíká, kí wọ́n sì máa fura sí ara wọn.

Èèyàn mẹ́rin sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló lè wà nínú rẹ̀. Wọn yóò wà nínú ọkọ̀ kan ní gbalasa òfuurufú, a ó sì pín iṣẹ́ fún oníkálukú: ẹni tí yóò so wáyà, ẹni tí yóò da ìdọ̀tí nù, ẹni tí yóò rọ epo sí ẹ̀rọ. Láàrin wọn, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò yan ẹnìkan, méjì tàbí mẹ́ta tí àwa nílé ń pè ní ọ̀dàlẹ̀. Ọ̀dàlẹ̀ ń ṣe bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ó ń pa iná, ó ń gba inú ihò atẹ́gùn kọjá, ó sì ń pa àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹnìkan bá rí òkú, yóò pe ìpàdé. Wọn yóò jíròrò títí àkókò yóò fi pé, wọn yóò dìbò, wọn yóò sì ju ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù síta. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá parí iṣẹ́ tàbí tí wọ́n lé gbogbo ọ̀dàlẹ̀ jáde, wọ́n borí. Bí iye ọ̀dàlẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú iye òṣìṣẹ́ tó kù, ọ̀dàlẹ̀ ló borí.

Ibi ìpàdé yẹn gan-an ni adùn eré yìí wà. Níbo lo wà? Ta ló rí ọ? Ọ̀nà wo lo gbà dé ibi tí òkú wà? Nínú ilé Yorùbá, ọmọ kì í wojú àgbà kí ó sọ pé irọ́ ló ń pa, èmi náà kò sì tọ́ ọmọ mi bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí ọmọ kò bá lè yẹ ọ̀rọ̀ àgbà wò nínú eré yìí, àgbà yóò pa á ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni àbíkẹ́yìn mi nígbà tó kọ́kọ́ sọ fún bàbá rẹ̀ pé, “Dádì, ó lè jẹ́ pé ẹ gbàgbé ni o, àmọ́ ibi iná tí ẹ ní ẹ wà yẹn, èmi ni mo wà níbẹ̀, mi ò sì rí yín.” Kò bú bàbá rẹ̀, kò sì gbé ohùn sókè. Ó kàn fi ẹ̀rí ti ara rẹ̀ kò ẹ̀rí bàbá rẹ̀ lójú, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí mo mọ iye ọmọ tí àgbàlagbà ń ṣì lọ́nà láwùjọ wa nítorí pé wọn kò mọ bí a ṣe ń béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì tí mo rí ní ìpàdé náà ni bí ó ṣe rọrùn tó láti dá ẹni tí kò ṣẹ̀ lẹ́bi. Ẹni tí ohùn rẹ̀ lọ sókè jù ni àwọn ọmọ máa ń gbà gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó ṣètò eré bá ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ yóò kọ ọ́ sójú fóònù bóyá ẹni tí wọ́n jù síta jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àìmọye ìgbà ni ilé wa ti dákẹ́ nígbà tí ìdáhùn yẹn bá jáde, tí àwọn ọmọ yóò wá máa wo ara wọn lójú. Àwọn bàbá wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, àwọn ọmọ mi sì ti fi ojú ara wọn rí ìdí rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti dáná sun èèyàn lẹ́bàá ọ̀nà nítorí pé ẹnìkan kígbe “Olè!”, n kò lè ka irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sí kékeré.

Ní ti irọ́, gbogbo wa la ti mọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹnìkan yóò pa irọ́, ẹ̀rọ ló sì yan ẹni náà. Ohun tí mo ń ṣọ́ ni kí ó má baà tẹ̀lé wọn dé ìdí oúnjẹ. Bí ẹnìkan bá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òpùrọ́ ní ọjọ́ kejì, n kì í gbà á láàyè. Ìpànìyàn inú rẹ̀ kò ju ti àwòrán ẹ̀fẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún 10 sókè ni àjọ ESRB, tó ń díwọ̀n irú eré báyìí ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i fún.

Àbùkù tó ń dùn mí ni ti ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ pa. Òkú lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí iwin, ṣùgbọ́n kò lè bá àwọn alààyè sọ̀rọ̀ ní ìpàdé mọ́, ọ̀rọ̀ yẹn kan náà sì ni gbogbo ìgbádùn eré náà. Ọmọ tó kéré jù ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ pa, yóò sì jókòó, yóò máa gbọ́ bí àwọn yòókù ṣe ń pariwo. A ṣòfin nílé pé ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pa lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ tún jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Bí a bá jẹ́ mẹ́rin péré ńkọ́? Kò dùn, kí a tó fura sí ẹnikẹ́ni, ó ti parí.

Nẹ́tíwọ̀kì náà tún ń bẹ. Láti yan agbègbè tí a ó ti pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Àríwá Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Éṣíà ni eré náà ní kí a yàn nínú rẹ̀, kò sí Áfíríkà. Yúróòpù la máa ń yàn kí àwa àti àwọn ará London lè pàdé, bí nẹ́tíwọ̀kì bá sì já ní Abẹ́òkúta, ẹni náà yóò pòórá láàrin ìpàdé. Bí gbogbo yín bá wà lórí Wi-Fi kan náà nílé, ìyọnu yẹn kò sí.

Èyí tí mo fẹ́ kí òbí kọ́kọ́ bẹ̀rù ni yàrá ìta gbangba inú eré náà, níbi tí ẹnikẹ́ni lè wọlé láti bá ọmọ yín ṣeré. Àwọn kan yóò sá jáde bí wọ́n bá ti rí i pé àwọn kọ́ ni ọ̀dàlẹ̀, àwọn kan yóò máa kọ èébú, àwọn kan yóò máa bi ọmọ ọlọ́mọ ní ọjọ́ orí rẹ̀ àti ibi tó ń gbé. Láti ọdún 2021, Innersloth ti ṣètò pé ọmọ tí kò tíì pé 13 kò lè kọ ọ̀rọ̀ tó wù ú láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i. Gbólóhùn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ni yóò máa yàn. Ètò náà dára, àmọ́ ọjọ́ ìbí tí ọmọ bá kọ ló dúró lé. Ohun tí àwa ń ṣe ni pé a ń ṣí yàrá tiwa, a ń fi kóòdù rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí lórí WhatsApp, a sì ń pe ara wa níbẹ̀ láti sọ̀rọ̀, tí oníkálukú yóò pa ohùn rẹ̀ dé títí di àkókò ìpàdé. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, n kò tíì rí ohun tó lè bà mí lẹ́rù. Ní ti owó, ọ̀fẹ́ ni lórí fóònù, fìlà àti aṣọ tí wọ́n ń tà nínú rẹ̀ kò sì fún ẹnikẹ́ni lágbára, ẹ má ṣáà so káàdì báńkì yín mọ́ ọn.

Ẹ̀dùn ọkàn mi kan ṣẹ́ kù. Àwọn gbólóhùn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún ọmọdé yẹn wà ní ọ̀pọ̀ èdè, tó fi mọ́ èdè ìbílẹ̀ Ireland, tí àwọn tó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ kéré sí tiwa lọ́nà tó pọ̀. Yorùbá kò sí níbẹ̀. Bí ẹ̀ka èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, tàbí ìwé ìròyìn yín fúnra rẹ̀, bá lè kọ̀wé sí Innersloth lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo ṣetán láti bá wọn ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ náà láìgba kọ́bọ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Abẹ́òkúta